Akoto Tí Wọ́n Fi Dúpẹ́ ní Ìpele

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá, ẹni tí ó fi egungun yí ọpọlọ ọmọ ènìyàn ká kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti ṣe akoto. Mo dúpẹ́ pé ojú mi ṣì ríran débi tí mo fi lè kọ ìwé yìí fúnra mi, àti pé làálàá àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi ní a-b-d kò já sí asán. Bí ohun tí mo fẹ́ kọ bá korò, kì í ṣe pé n kò moore. Ẹni tí ó mọ bí oore ti pọ̀ tó náà ni ó máa ń sunkún nígbà tí ó bá bọ́ sọnù.

Àlùfáà wa ni ó ní kí àwa àgbà tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn láàyò. Iṣẹ́ tèmi ni títa akoto, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì, tí àwọn tó ń gun máṣíìnì ń dé sórí. Láti ìgbà èwe mi títí irùngbọ̀n mi fi funfun, orí ènìyàn ni mo ń wọ̀n. Ní Ọ̀wọ̀, Bàbá Alákoto ni wọ́n ń pè mí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ìpele, agbára rẹ̀ kò gbé e ju ìwé mẹ́fà lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mú mi lọ bá Ọ̀gá Lásísì ní Ọ̀wọ̀. Ti owó kò tó ohun tí à ń sọ. Mo jẹun, mo gbéyàwó, àwọn ọmọ mi lọ sílé-ìwé. Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Àkókó ni Ọ̀gá Lásísì, Mùsùlùmí òdodo, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ̀yà ara máṣíìnì ni ó ń tà ní ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n akoto ni ó gbà lọ́kàn jù. Ó máa ń sọ pé, "Táyà ṣe é pààrọ̀, plọ́ọ̀gì ṣe é pààrọ̀. Ta ló ń pààrọ̀ orí?"

Òfin rẹ̀ kìíní ni pé a kò gbọdọ̀ ta akoto fún orí tí a kò fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, orí kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń nawọ́ sí. Nítorí náà ó kọ́ wa bí a ṣe ń tọrọ rẹ̀. Ìwọ yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, ìwọ yóò tẹrí ba, ìwọ yóò sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda orí yín fún mi." Bí oníbàárà kò bá tíì dáhùn, ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ. Bí ó bá ní ó ti yọ̀ǹda, ìwọ yóò fi téèpù télọ̀ yí orí rẹ̀ ká, lókè ìpéǹpéjú àti lókè etí. Lẹ́yìn náà ni akoto. Ó gbọ́dọ̀ fún un bí bàtà ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú jáde díẹ̀. Ìwọ yóò de okùn àgbọ̀n rẹ̀, ìwọ yóò wí pé, "Ẹ mi orí." Bí akoto bá mì tí awọ iwájú orí kò bá a mì, akoto ẹlòmíràn ni, bọ́ ọ kúrò.

Kí a lè mọ ohun tí à ń fi sórí ènìyàn, ó máa ń mú kí ọmọ iṣẹ́ tuntun dé akoto tí ó fún un jù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó ti kàn mí, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, òógùn bò mí, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

"Ẹ wo sójà ọ̀run!"

"Àbúrò, ṣé wọ́n ní òjò òkúta ń bọ̀ ni?"

Mo bẹ Ọ̀gá pé kí ó jẹ́ kí n bọ́ ọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ní ọjọ́ tí oníbàárà bá sọ fún ọ pé ó ń dun òun, ìwọ yóò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́."

Ní ọjọ́ kan, ìránṣẹ́ ìjòyè kan gbé fìlà wá. Ó ní, "Olóyè ní kí ẹ wọn èyí. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan orí wọn."

Ọ̀gá wo fìlà náà títí. "Ṣé fìlà ló ń gun máṣíìnì ni?"

"Ọ̀gá Lásísì, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"N kò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Gba okùn yìí. Sọ fún Olóyè kí wọ́n fi yí orí wọn ká fúnra wọn, kí wọ́n so kókó síbi tó bá ti pàdé, kí o mú un padà wá."

Ìránṣẹ́ náà mú okùn oníkókó bọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, akoto tí Ọ̀gá sì yàn bá orí Olóyè mu rẹ́gí. Láti ìgbà náà ni okùn oníkókó ti di àṣà ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun, a ó fún un lókùn. Ara ògiri kún fún okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni orí.

Òfin kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Akoto tí ó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ti kú. Ìbáà jẹ́ láti orí pẹpẹ ọjà sílẹ̀ sìmẹ́ǹtì, Ọ̀gá kò ní tà á. Yóò mú ọ̀bẹ, yóò gé okùn àgbọ̀n rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á lórí ààtàn lọ dé. Ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó ní, "Fóòmù funfun yìí, o rò pé torí kó lè rọ orí lọ́rùn ni? Rárá. Òun ló ń gba ìyà. Bí orí bá kọlu ilẹ̀, fóòmù a rún kí agbárí má baà rún. Ṣé o lè fọ́ ẹyin kan lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni akoto ń kú, ikú ẹlòmíràn ló sì ń kú."

Onígbàgbọ́ ni mí. Ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí yẹn sọ ní ìdí ọjà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ọ̀gá fún mi lómìnira, ó sì kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ikú ìrọ̀rùn lórí ẹní àdúrà. Mo jogún ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Akoto ìgbà tiwa wúwo, fáíbà ni, òrùka irin méjì ni a fi ń de okùn rẹ̀. Ní ìgbà tó yá, onírọ́bà fúyẹ́fúyẹ́ dé, èyí tí ń ró *káí* bí a bá dè é.

Ìjọba wá pàṣẹ pé dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà dé akoto, èrò ẹ̀yìn wọn náà pẹ̀lú. Ẹ ò bá rí ohun tí ojú wa rí! Àwọn kan kun igbá lọ́dà, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Àwọn mìíràn dé ti bíríkìlà. Èrò ẹ̀yìn kò gbà láti dé ohun tí ẹlòmíràn ti dé, wọ́n ní wọn kò lè ti orí wọn bọ ibi tí orí olórí ti jáde, kí wọ́n má baà fi gba kádàrá lọ́wọ́ wọn. Mo rí obìnrin kan tí ó na akoto sókè gèlè rẹ̀ bí agbòòrùn láti ọjà títí dé Emure. Ọjà mi tà nígbà náà, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra akoto nítorí orí. Nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni wọ́n ń rà á. Orí eékún tàbí ara ọwọ́ máṣíìnì ni ó máa ń wà títí wọn yóò fi rí aṣọ ẹ̀ṣọ́ lókèèrè. Bí mo bá ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda orí yín," wọn a ní, "Bàbá, ẹ ṣáà fún wa ní èyí tó wà níbẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni tòkunbọ̀ dé. Àpò ńlá ńlá ni wọ́n fi ń kó akoto àlòkù wá láti òkè òkun, onírúurú ló sì wà níbẹ̀: ti kẹ̀kẹ́, ti ẹlẹ́ṣin, àti ti àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Mo ní láti ṣàlàyé èyí ìkẹyìn. Ní ilẹ̀ òtútù, yìnyín a máa bo òkè mọ́lẹ̀ bí òwú. Àwọn ènìyàn a so pátákó mọ́ ẹsẹ̀, wọn a máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè, eré ni wọ́n ń fi ṣe. Akoto wọn lẹ́wà. Ó fúyẹ́, ó ní aṣọ múlọ́múlọ́ tó bo etí, ó ní ihò tí a lè ṣí kí a sì tì. Bí ọmọ mi bá ń lọ sórí yìnyín, òun ni n bá rà fún un, n bá sì wọn orí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo akoto ló mọ irú ìṣubú tí a torí rẹ̀ dá a. Yìnyín kì í ṣe ọ̀dà. Òkè eré kì í ṣe ọ̀nà Ìjàgbà.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀rọ̀ Ìyá Káyọ̀dé.

Opó ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ ní Ìpele, ó ń ṣe gààrì, kò sì sí obìnrin tó ń gbàdúrà jù ú lọ láàárín wa. Ọmọkùnrin méjì ni Ọlọ́run fún un. Káyọ̀dé, àkọ́bí, wà ní Kánádà. Tọ́pẹ́, àbúrò rẹ̀, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjàgbà, máṣíìnì ló ń gùn lọ tó ń gùn bọ̀, òun náà sì ni tẹ́nọ̀ tó dùn jù nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Bí Tọ́pẹ́ bá dá orin, àwọn àgbà a di ojú wọn.

Káyọ̀dé bá àwọn ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi eré yìnyín, ó ṣubú, ó sì fi orí sọ igi. Akoto rẹ̀ gbà á. Dókítà ní bí kì í bá ṣe akoto ni, òkú ni wọn ì bá gbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ní kí ó mú akoto náà wálé wá fi dúpẹ́. Ó mú un wá ní Kérésìmesì. Ìyá gbé e lé orí àwo funfun, ó gbé àwo náà lérí, ó jó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé iwájú pẹpẹ. Gbogbo wa jó tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin ń pè é ní akoto ìgbàlà. Àlùfáà gbàdúrà sí i. Nígbà tí ó yá, ìyá yíjú sí Tọ́pẹ́ láàárín akọrin, ó pè é jáde, ó sì gbé akoto náà dé e lórí níwájú gbogbo ìjọ. "Èyí tó gba ẹ̀gbọ́n rẹ là ni yóò máa gbà ọ́ là."

Ìjọ hó yèè. Èmi tí mo wà lórí ìjókòó kejì rí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ akoto náà, fínnífínní bí irun. Ọwọ́ mi ń wá ọ̀bẹ nínú àpò. Ta ni yóò gé okùn akoto níwájú pẹpẹ?

Mo dúró dè é níta.

"Ìyá Káyọ̀dé, mo bá yín yọ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Alákoto. Ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa?"

"Mo rí i. Akoto yìí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí ẹ máa fi rántí oore. Ẹ má jẹ́ kí Tọ́pẹ́ dé e gun máṣíìnì. Ti orí yìnyín ni, inú rẹ̀ sì ti rún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí wọn? Ọlọ́jà kì í yin ọjà ẹlòmíràn."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bàbá yìí, ẹnu ọ̀nà ilé Olúwa náà lẹ tún pa àtẹ sí?"

"N kò fẹ́ tà á. Mo fẹ́ fún Tọ́pẹ́ ní tuntun, lọ́fẹ̀ẹ́."

Ìyá Káyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọdé tí ọ̀rọ̀ kò yé. Ó fi èdè ilé wa béèrè ohun kan lọ́wọ́ mi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni èyí: "Èyí tí ẹ fẹ́ fún un, ta ni ó ti gbà là rí?"

Mo ní, "Kò tíì gba ẹnì kankan là. Ìdí tí ó fi dára nìyẹn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé ọ̀nà. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Mo bá àlùfáà sọ ọ́. Ó bá ìyá sọ ọ́. Ìyá ní bí ó bá jẹ́ pé àdúrà tí àlùfáà gbà kò múlẹ̀ ni, kí ó sọ fún òun.

Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Mo tọrọ orí rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú mi pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ rọra o, Bàbá, orí tíṣà ni." Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo so kókó sí i, mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo yan akoto dúdú kan tó ní òrùka irin méjì, bí ti ayé Ọ̀gá. Ó mi orí, awọ iwájú orí rẹ̀ sì bá a mì. Ó dé e, ó fi kọrin díẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú àmù. A jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó fẹ́ lọ, ó bọ́ ọ, ó tún ti akoto yìnyín bọrí.

"Tọ́pẹ́."

"Bàbá, mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ. Màmá mi ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá ń jáde. Bí wọ́n bá rí tiyín lórí mi, wọ́n á ní mo kọ àdúrà àwọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Wọ́n á gbà tó bá yá."

Ó gbé akoto dúdú náà lọ nínú ọ̀rá.

Ewúrẹ́ ni ó fa jàǹbá tó ṣe Tọ́pẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá, kì í ṣe eré àsápajúdé. Ewúrẹ́ já sọ́nà níwájú rẹ̀ ní òpin Ìpele, ó yà fún un, máṣíìnì yọ̀ lórí iyanrìn, orí rẹ̀ sì lu ọ̀dà. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, akoto yìnyín náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìlà bí irun ti fẹ̀ débi tí ìka mi wọ inú rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ibẹ̀. Ó ti le bí pátákó. Kò sí ohun tí ó kù nínú rẹ̀ láti rún fún Tọ́pẹ́.

Kò kú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúpẹ́ fún èyí, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e wálé lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, kò mọ ìwé mọ́, kò mọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pé lẹ́nu rẹ̀. Wárápá sì ń gbé e ṣubú lójú mọmọ. A tún ṣe ìdúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́. Mo jó dé pẹpẹ pẹ̀lú àwọn ìyókù. Ẹsẹ̀ mi ń jó, ọkàn mi jókòó.

Káyọ̀dé pè mí lórí fóònù láti ọ̀hún. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Dádì, wọ́n sọ fún mi níbí pé kí n sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí mo ṣubú gan-an ni wọ́n sọ fún mi. Màmá ló ní kí n mú un wá fi dúpẹ́. Ṣé kí n wá dènà ìdúpẹ́ ni?"

Mo ní kò ṣe ohun tó burú. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgboyà lẹ ń retí lẹ́nu àgbà. N kò ní i. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí ó ń ta ohun èlò fóònù ló wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Kò sí ọmọ mi kan tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń jókòó síwájú ilé, mo ń wo àwọn máṣíìnì tó ń kọjá lọ sí oko àti ilé-ìwé, ọmọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, gbogbo orí ló wà láìbò. Mo ti fi gbogbo ayé mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìlú sì gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ. A máa ń sọ pé orí là bá bọ, à bá fi òrìṣà sílẹ̀. A fẹ́ràn òwe nípa orí. Ẹni tó fẹ́ bò ó ni a kò ní àyè fún.

Lẹ́yìn tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Káyọ̀dé ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, Tọ́pẹ́ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akoto yìnyín ọjọ́ kìíní ṣì wà lórí rẹ̀. Ìyá máa ń fi dé e kí ó má baà farapa bí wárápá bá gbé e. Akoto dúdú tí mo fún un wà lórí àga, inú ọ̀rá ló ṣì wà, kò sí eruku lára rẹ̀.

Ìyá ní, "Mo fi èyí dé e lánàá. Ọrùn rẹ̀ kò gbé e."

"Ó ti wúwo jù fún un nísinsìnyí."

"Kí la ó ti ṣe é?"

Mo ti ronú débẹ̀. Akoto kẹ̀kẹ́ kan ló kù nílé mi lára ọjà tí n kò tà, tuntun, fúyẹ́fúyẹ́, tó lè gba orí ẹni tó bá ṣubú láti ìdúró. Mo ti mú un dání. Mo tún mú okùn oníkókó tí orúkọ Tọ́pẹ́ wà lára rẹ̀.

Ìyá bọ́ akoto yìnyín kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wọlé, ó sì mú ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ jáde. Mo gé okùn àgbọ̀n akoto náà lójú rẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìwọ́ ọmọ.

Mo fà sẹ́yìn díẹ̀, mo tẹrí ba. "Tọ́pẹ́, jọ̀wọ́, yọ̀ǹda orí rẹ fún mi."

Ó ń wo ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti yọ̀ǹda, Bàbá."

Mo fi okùn yí orí rẹ̀ ká. Kókó pàdé níbi tí ó ti pàdé lọ́jọ́sí, kò yẹ̀ rárá. Orí náà kò yí padà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ló ti lọ. Mo dé akoto kẹ̀kẹ́ náà fún un, mo fa okùn rẹ̀.

Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ kó fún un dáadáa." Òun tó ti fi mí rẹ́rìn-ín nìyẹn, kò sì sí ìdùnnú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà fún mi.

Mo ní, "Tọ́pẹ́, mi orí."

A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, sọ́tùn-ún, sósì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Awọ iwájú orí rẹ̀ ń bá akoto mì.

Ìyá gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ṣé ó ń kọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ń ṣe. Ó gbọ́ mi."

Ṣùgbọ́n kò dúró. Mo ní ó tó, ìyá rẹ̀ ní ó tó, ó sì ń mi orí náà lọ bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọ̀nà Ìjàgbà. Akoto náà kò yẹ̀ lórí rẹ̀. Òun ni mo yàn kẹ́yìn nínú iṣẹ́ mi, kò sì sí èyí tó bá orí mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, kí Ẹlẹ́dàá tí ó fi egungun bo ọpọlọ rẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìfẹ́ pa ọ́ lára. Kí ẹni tó bá fẹ́ bò ọ́ lórí rí ọ nígbà tí orí rẹ ṣì jẹ́ tìrẹ. Kí o jáde láàárọ̀, kí o sì mọ orúkọ ara rẹ nígbà tí o bá wọlé nírọ̀lẹ́. Àmín.